Ọkọ̀ Tó Dákẹ́ Wọlé

Ní Ẹ̀bùté-Àánú, etí làwọn ènìyàn fi ń gbọ́ ìròyìn ọkọ̀ kí ojú wọn tó rí i. Ọkọ̀ tó bá ń gbé ayọ̀ bọ̀ kì í wọlé jẹ́ẹ́jẹ́. Bó bá ti yọ ní ẹnu odò báyìí, awakọ̀ á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ké tantan, á fi ọkọ̀ yí po lójú omi, àwọn tó wà nínú rẹ̀ á so aṣọ aláràbarà mọ́ orí àjẹ̀, wọ́n á máa jù ú fìrìfìrì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó bá gbé òkú, ẹnu odò ni wọ́n ti ń pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹnì kan á wà níwájú, ẹnì kan á wà lẹ́yìn, wọ́n á máa fi àjẹ̀ wa omi díẹ̀díẹ̀, aṣọ funfun á wà lórí ẹni tó sùn ní àárín, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọhùn títí wọn yóò fi gúnlẹ̀. Ọmọ tí wọn kò tíì já lẹ́nu ọmú mọ̀ ọ́n níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ girama wọn fẹ́ ṣe ayẹyẹ, láti àárọ̀ ni Jọọlá ti ń tẹ́tí. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ bùbá léèsì kan ṣoṣo tó ní, ó ti wé gèlè. Òórùn èéfín ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ẹja yíyan ni iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ò sì yọ ọ́ lẹ́nu. Ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni pé ọmọ rẹ̀ wà lórí omi. Dámilọ́lá lorúkọ ọmọ náà, òun nìkan ló sì ṣẹ́ kù fún un. Òkun gbé bàbá ọmọ náà lọ tòun tàwọ̀n rẹ̀, ibà sì mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà ni Jọọlá ti ń bẹ̀rù omi bí ẹni tí wọn ò bí sórí rẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìyá Dámilọ́lá, ṣé orí igi lo fẹ́ kó lọ ni?" Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ọmọ rẹ̀ bá fi pẹ́ díẹ̀ kó tó ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, orí afárá pákó lẹ ó ti bá a, yóò máa na ọrùn wo odò.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ilé-ẹ̀kọ́ yìí ò gba ohunkóhun rí ju omi òjò tó ń jò látorí òrùlé lọ. Orí òpó ni wọ́n kọ́ ọ sí, pákó ni ilẹ̀ rẹ̀. Bí omi bá kún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ká ẹsẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀kọ́ á sì máa lọ. Àwọn ará Igbókọ̀dá a máa pè é ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ẹja. Àfi ìgbà tí Tíṣà Lawrence, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ọ̀wọ̀ tí ìjọba gbé wá kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì, forúkọ ọmọbìnrin méjì sílẹ̀ fún ìdíje ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Àkúrẹ́. Ọ̀kan ni Dámilọ́lá. Èkejì ni Khalidat, ọmọ Bàdírátù.

Jọọlá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọmọ òun ò ní í wọ ọkọ̀ kọjá ibi tí ojú òun lè dé. Màdáámù Ọmọ́yẹlé, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Bàdírátù ló rí i mú. Ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì láti ìgbà ọmọge. Gàárì àti ọṣẹ ni Bàdírátù ń gbé kiri nínú ọkọ̀ kékeré láti ilé dé ilé, kò sì sí ohun tí ẹnu rẹ̀ ò lè tà.

"Ìyá Dámilọ́lá, ṣé tèmi kì í ṣọmọ ni?" ló wí. "Ibi tí Khalidat bá jókòó sí nínú ọkọ̀, ibẹ̀ ni tìrẹ náà á jókòó sí. Jẹ́ kọ́mọ lọ. Inṣá Allah, ire ni."

Bí Jọọlá ṣe gbà nìyẹn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti lọ ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì ìdíje, Màdáámù Ọmọ́yẹlé gun àtẹ̀gùn ilé ìjọsìn lọ sókè, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń wọlé, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo láti òkè. "Ipò kìn-ín-ní! Nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwa la ṣe ipò kìn-ín-ní!" Díẹ̀ ló kù kó já sómi. Tíṣà Lawrence ti sọ fún un lórí fóònù pé wọ́n tún fún ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹ̀bùn ńlá kan, ṣùgbọ́n òun ò ní í sọ ohun tó jẹ́, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Ó ní bílẹ̀ bá ti mọ́, àwọn á wọ mọ́tò dé Igbókọ̀dá, ọkọ̀ Kingsley, awakọ̀ odò, á sì gbé àwọn délé kí oòrùn tó wọ orí. Ojú ẹsẹ̀ ni Màdáámù ní ọ̀la náà gan-an ni wọ́n máa pín ẹ̀bùn ọdọọdún fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní ayọ̀ kì í dé ká ní kó lọ dúró níta.

Bí wọ́n ṣe ta kánọ́pì sí ojúde ilé-ẹ̀kọ́ nìyẹn, tí jẹnẹrétọ̀ ń dún, tí máìkì ń han. Wọ́n fi Jọọlá àti Bàdírátù síwájú bí ìyá ìyàwó. Bí oòrùn ṣe ń gun òkè, tí ọkọ̀ kò tíì dé, Màdáámù ní kí wọ́n máa fi ẹ̀bùn kéékèèké dá àwọn èrò lára yá. Wọ́n fún ọmọ tí kò pẹ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ rí ní àwo tánńganran, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ láti òdìkejì odò. Wọ́n fún ọmọ tí omi ò ta sí ìwé rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ọdún ní àpò ìwé tuntun, ìyá rẹ̀ sì jó dé iwájú, ó ń pariwo pé inú ìkòkò lòun ń tọ́jú ìwé náà sí. Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Jọọlá pàtẹ́wọ́ fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò lè sọ orúkọ ẹnì kan nínú wọn fún yín bí ẹ bá bi í.

Oòrùn wọ orí, oòrùn yẹ̀, ọkọ̀ ò dé.

"Ọ̀nà mọ́tò ló pẹ́," ni Bàdírátù wí. "Ṣé o ò mọ ọ̀nà wọn ni? Gbogbo rẹ̀ ihò."

"Mi ò sọ nǹkan kan."

"Ojú rẹ ń sọ̀rọ̀. Fi í lẹ̀. Má fi ojú rẹ pe ohun tí ò pè ọ́."

Ọ̀sán ti rọ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹnì kan ké láti etí afárá pé ọkọ̀ ń bọ̀ o. Ẹ ò rí bí èrò ṣe dìde! Àga ń ṣubú, ọmọ ń sunkún, gbogbo wọn rọ́ sórí afárá pákó. Màdáámù gbá máìkì mú, ó ní, "Ẹ̀yin akọni wa, ẹ káàbọ̀," àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì gbé orin tí wọ́n ti ń kọ́ láti ìdájí. Wọn ò tíì kọ orin náà dé ìdajì tí ohùn àwọn tó wà níwájú fi wọlẹ̀. Tàwọn tó tẹ̀ lé wọn náà wọlẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá, tí wọn ò rí odò, ṣì ń kọrin nìṣó títí wọ́n fi gbọ́ pé àwọn nìkan ló ń kọ ọ́.

Ọkọ̀ náà ò ní ariwo ẹ́ńjìnnì.

Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu odò. Ẹnì kan wà níwájú tó ń fi àjẹ̀ wa omi, ẹnì kan wà lẹ́yìn. Ní àárín, nǹkan gígùn kan dùbúlẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ funfun bò láti òkè délẹ̀. Ẹnì kan lọ pa jẹnẹrétọ̀. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fìlà lọ́kọ̀ọ̀kan. Màdáámù Ọmọ́yẹlé ṣì di máìkì mú.

Jọọlá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí. Ẹni tó wà lẹ́yìn, Kingsley ni, ó mọ̀ ọ́n nípa fìlà pupa rẹ̀. Ẹni tó wà níwájú, Tíṣà Lawrence ni, gíga rẹ̀ ò ṣeé ṣì mọ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ aṣọ funfun náà, ọmọ kan jókòó, ó da ìbòrí aṣọ òjò bo orí, ó sorí kọ́ bí ẹni tí nǹkan ti tán fún. Aṣọ òjò náà jẹ́ búlúù. Ṣùgbọ́n búlúù ni Màdáámù rà fún àwọn ọmọ méjèèjì, ẹ̀yà kan náà, ìwọ̀n kan náà.

Ọmọ méjì ló lọ. Ọmọ kan ló jókòó yìí.

Gbogbo afárá ló ti mọ̀ ọ́n báyìí. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n bìlà, ṣùgbọ́n wọ́n bìlà fún àwọn ìyá méjì náà, ó wá ku àwọn nìkan ní etí pákó. Jọọlá wo ọmọ tó jókòó náà títí omi fi bo ojú rẹ̀. Ó wo èjìká rẹ̀, èjìká ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ó wo bó ṣe ká ẹsẹ̀ kò, gbogbo ọmọ odò ló ń ká ẹsẹ̀ kò bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó wá bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ Dámilọ́lá ló jókòó. Bó ṣe bẹ̀ ẹ́ tán ló yé e pé ẹnì kan ní láti dùbúlẹ̀ kí ẹnì kejì tó lè jókòó. Ẹ̀rù àdúrà náà bà á, síbẹ̀ kò gbé e jù sílẹ̀. Ńṣe ló tún un ṣe kó lè ṣe kedere sí Ọlọ́run. Ó ní, Jẹ́ kó jẹ́ Khalidat ló dùbúlẹ̀. Olúwa, Khalidat ni kó jẹ́, kì í ṣe tèmi.

Nígbà tó yíjú, Bàdírátù ti sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ètè òun náà ń lọ wúyẹ́wúyẹ́, ọwọ́ rẹ̀ fún tẹ̀sùbáà bí ẹni fẹ́ fọ́ ọ. Kò wo ọ̀dọ̀ Jọọlá.

Ọkọ̀ náà ò sì yára. Ó dà bí ẹni pé omi ń fà á sẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń wà á síwájú. Tíṣà Lawrence gbé ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan, ó fi nu ojú. Ẹkún ló ń sun, ni obìnrin kan wí lẹ́yìn, ló bá figbe ta. Ìyẹn ló ṣí i. Igbe gba gbogbo èbúté, àwọn obìnrin ń tú gèlè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gba ẹ̀bùn gbé e dání, wọ́n ń sunkún lé e lórí.

Igbe náà ló jẹ́ kí ọmọ tó wà nínú ọkọ̀ gbé orí sókè. Ó fa ìbòrí náà sẹ́yìn láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Khalidat ni.

"Alhamdulillahi!" Bàdírátù fò sókè, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ọ̀run. "Alhamdulillahi! Ọma mi ni! Ọma mi ni o!" Ó fò lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Igbe àwọn yòókù ti dúró. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Jọọlá kò rí i. Ó ti bẹ́ sómi. Omi mù ún dé àyà, léèsì rẹ̀ wúwo, gèlè rẹ̀ ń léfòó lọ, òun tó ń sá fún omi láti ọdún gbọọrọ wá ń fi ọwọ́ ya á síwájú bí ẹni ń ya igbó. Ó dì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ sì fẹ́ dojú dé.

"Mama, ẹ rọra!" ni Kingsley ké. "Ọkọ̀ á dànù!"

Jọọlá fa aṣọ funfun náà pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀.

Agbárí ni ó rí. Ihò ojú méjì, eyín tó to lẹ́sẹẹsẹ, egungun ọrùn, egungun ìhà, gbogbo rẹ̀ funfun, kò sí ẹran kan lára rẹ̀. Ẹ má dá a lẹ́bi fún ohun tó wá sí i lọ́kàn, ẹ̀rù ò jẹ́ kí ènìyàn ronú bí ènìyàn. Ó rò pé ohun tó ṣẹ́ kù lára ọmọ òun nìyí. Ó rò ó délẹ̀, ó ń bi ara rẹ̀ pé irú ikú wo ló ń jẹ ènìyàn tán kíá báyìí. Ohùn rẹ̀ ti lọ. Àwọn tó wà lórí afárá ló bá a pariwo. Àwọn kan sáré, àwọn kan já sómi, Màdáámù Ọmọ́yẹlé tó jẹ́ pé báyọ́lọ́jì ló fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ kọ́ ọmọ, òpó ló dì mọ́, ó ń pe Jésù.

"Ẹ̀bùn wa ni!" Tíṣà Lawrence ń ké, àjẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ike ni, Mama, ike lásán! Wọ́n ní ká máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀yà ara ni!"

Jọọlá wò ó bí ẹni tó ń fọ èdè mìíràn. "Ọma mi dà?"

Tápólì tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, lẹ́yìn egungun náà, mira. Orí kan yọ níbẹ̀, ojú rẹ̀ ti gbẹ, irun rẹ̀ rí játijàti.

"Ìye?" ni Dámilọ́lá wí. "Kí lẹ ń wá nínú omi?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò tó ẹkún ẹyọ kan. Ọmọ tí wọ́n bí sórí omi, tí ìgbì òkun ò rí gbé ṣe rí, mọ́tò Àkúrẹ́ sí Igbókọ̀dá ló dá a dùbúlẹ̀. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń bì, nígbà tí wọ́n wá dé inú ọkọ̀, ó wọ abẹ́ tápólì lọ sùn. Ewéko tó bo ojú odò wé mọ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì kú, wọ́n sì fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ láti apá Molutehin títí òógùn fi bò wọ́n. Aṣọ ìbùsùn Tíṣà ni wọ́n ta bo ẹ̀bùn náà kí omi iyọ̀ má baà kàn án. Khalidat ì bá sọ fún wọn pé bí ọkọ̀ òkú ni tiwọn rí, ṣùgbọ́n oorun ti gbé òun náà lọ lórí ìjókòó. Ará Ọ̀wọ̀ ni Tíṣà, apá Warri ni Kingsley ti wá, ọdún rẹ̀ kan ò tíì pé lórí odò yìí. Ta ló máa sọ fún wọn?

Nígbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ padà, ẹ̀rín ló gba èbúté. Àwọn tó sáré ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n gbé egungun oníke náà dúró sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì ẹ̀bùn, ẹnì kan ti dé e ní fìlà. Màdáámù gba máìkì, ó ní ayẹyẹ ń lọ lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó kú, ẹni tó bá kú kó dìde. Ṣùgbọ́n Jọọlá jókòó lórí àga. Omi ń jò lára rẹ̀ sórí pákó, ó di apá Dámilọ́lá mú débi pé ọmọ náà ní, "Ìye, ẹ ń dùn mí," kò sì tú u sílẹ̀.

Bàdírátù wá bá a níbẹ̀. Kò jókòó. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ẹ̀rín sì dákẹ́ láyìíká wọn.

"Ìyá Dámilọ́lá, forí jì mí. Mo rí ọmọ mi ni. Mi ò rántí pé tìrẹ..."

Ẹnì kan yọ ṣùtì lẹ́yìn. Òmíràn ní ọ̀rẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Jọọlá gbọ́ ọ, ó sì mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, bí wọn yóò ṣe máa sọ ọ́ nìyẹn títí ayé. Bàdírátù ni yóò máa ru ìtìjú náà, àánú òun ni wọn yóò máa ṣe. Kò sí ohun tó rọrùn ju ìdákẹ́ lọ. Ẹ̀rù bà á, ó ju ẹ̀rù omi lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀ sínú omi tó jò lára rẹ̀, ojú kan ojú.

"Dìde," ló wí. "Èmi náà gbàdúrà. Orúkọ Khalidat ni mo dá."

"Mo gbọ́."

"Ọkàn mi ni mo fi sọ ọ́."

"Ẹnu lo fi sọ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ ni mo wà. Ẹ̀ẹ̀mejì lo dárúkọ rẹ̀."

Jọọlá ò mọ ibi tó máa kọjú sí. "O gbọ́ ọ, o wá ń kúnlẹ̀ fún mi?"

"Nítorí pé àdúrà tèmi ló kọ́kọ́ gbà," ni Bàdírátù dáhùn.

Máìkì han gooro. Màdáámù ń pe àwọn akọni méjèèjì jáde láti wá gba àmì-ẹ̀yẹ wọn, Khalidat ló sì kọ́kọ́ pè. Ọmọ náà jáde, ó dúró nínú aṣọ òjò búlúù níwájú gbogbo ìlú. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, nítorí àwọn obìnrin méjì tó kúnlẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Ọmọ náà ń wo ìyá rẹ̀, ó ń wo Jọọlá, kò mọ ohun tí òun ṣe. Ẹ̀rù ba Jọọlá láti fi ẹnu kan orúkọ yẹn mọ́. Ikú ló pè é sí nígbà tó pè é kẹ́yìn.

Ó gbé orí sókè, ó la ẹnu.

"Khalidat!" ló ké. "Khalidat, ọma mi!" Ó ń pè é nìṣó, títí ohùn rẹ̀ fi ha, títí ọmọ náà fi rẹ́rìn-ín músẹ́, tí ó sì na ọwọ́ gba ẹ̀bùn rẹ̀.